Ilé Kì í Ṣe Òkú Owó, Bẹ́ẹ̀ ni Kì í Ṣe Ọjà Gbàǹjo

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ̀yin àgbààgbà, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa gbogbo, ọ̀ràn kan wà tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì tọ́ kí a gbé wá síwájú yín nínú ìwé oṣooṣù yìí. Ọ̀ràn náà ni ti ẹni tí ó ní ilé ṣùgbọ́n tí kò ní owó lọ́wọ́. Kí ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó fi ọwọ́ kan ilé náà, tàbí kí ó jókòó tì í títí ikú yóò fi dé? Bí ó bá sì fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, ọ̀nà wo ni kò ní í sọ àwọn ọmọ rẹ̀ di aláìnílé?

Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àwa mọ olùkọ́ àgbà kan, ẹni tí ó kọ́ púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹun lórí àwo dáradára lónìí. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi ṣiṣẹ́. Ó fi ẹnu mọ níwọ̀n, ó ra ilẹ̀, ó sì kọ́ ilé alájà méjì tí ó dúró bí òkè. Nígbà tí a lọ kí i, a bá a tí ó ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá yóò tó títí di ìparí oṣù. Yàrá mẹ́rin wà lókè ilé náà tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú wọn; àwọn ọmọ tí a kọ́ wọn fún wà ní òkè òkun. A bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ ó ṣe sí i?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Àlùfáà, gbogbo owó mi ni ẹ ń wò yìí. Inú rẹ̀ ni a jókòó sí.” Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò létí wa.

Ṣùgbọ́n ní òpópónà kejì sí ti bàbá yìí, ilé mìíràn wà tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Àwọn ọmọ tí ó jogún rẹ̀ ni ó fi ìwé ilé náà yá owó láti fi sin baba tí ó kọ́ ọ. Wọ́n pa màlúù, wọ́n ra aṣọ ẹbí, ìlù dún fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí ọdún kẹrin tó pé, ayánilówó ti lu ilé náà ní gbàǹjo, àwọn ọmọ olókùú sì di ayálégbé ní ìlú baba wọn. Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí kàwé; ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gba oyè ní yunifásítì. Ohun tí a kò kọ́ wọn ni bí a ti ń lo ilé.

Láàrin ilé méjì yìí ni ọ̀ràn wa wà. Èkíní pa owó mọ́ títí owó náà fi kú sínú ògiri. Èkejì tú owó sílẹ̀ títí ó fi gbé ògiri náà lọ. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kò yẹ kí ilé jẹ́ òkú owó, kò sì yẹ kí ó jẹ́ ọjà gbàǹjo. Ọ̀nà kan wà láàrin méjèèjì, ó sì tọ́ kí a wá a, kí a sì fi kọ́ àwọn ènìyàn wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Bí ilé kan bá tó náírà 40,000,000 lójú ọjà, tí ẹni tí ó ni ín sì jẹ gbèsè náírà 10,000,000 lórí rẹ̀, náírà 30,000,000 tí ó kù ni ìpín onílé. Bí kò bá jẹ gbèsè kankan, gbogbo rẹ̀ ni ìpín tirẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mú owó jáde láti inú ìpín yìí kò ju mẹ́rin lọ ní ìpìlẹ̀: kí a fi ilé náà háyà, kí a tà á, tàbí kí a ta apá kan rẹ̀, kí a fi í dógò, tàbí kí a yá owó sórí rẹ̀ nípa ìwé. Gbogbo ọ̀nà yòókù tí a ń gbọ́ orúkọ wọn ní ilé àti ní òkè òkun, ọmọ mẹ́rin wọ̀nyí ni wọ́n í ṣe.

Àwọn baba wa mọ dógò dáadáa. Ẹni tí ọ̀ràn owó bá ká mọ́ a máa fi oko rẹ̀ dógò. Nígbà tí kókò dé, ó di oko kókò. Ayánilówó a wọ inú oko náà, a máa ká èso rẹ̀ jẹ ní ipò èlé, títí di ọjọ́ tí olóko bá kó ojú owó wá. Òfin ìbílẹ̀ wa kò fi ọjọ́ sí i. Ohun tí a bá fi dógò, dógò ni títí láé. Ọmọ lè rà á padà, ọmọ-ọmọ lè rà á padà, ayánilówó kò sì gbọdọ̀ wí pé ó ti pẹ́ jù. Àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba pàápàá ti gba ìlànà yìí wọlé. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: gbèsè náà ń jẹ èso, kì í jẹ gbòǹgbò.

Àwa kò wí pé gbogbo àṣà gbèsè àtijọ́ ni ó dára. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rí bí a ti ń rán ológò lọ jókòó ti ajigbèsè nínú ilé rẹ̀, tí yóò sì máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí a ó fi san owó. Yóò rí ìwọ̀fà pẹ̀lú, ẹni tí ń fi agbára ara rẹ̀ san èlé owó tí ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó jẹ ẹ́. A dúpẹ́ pé ìyẹn ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí a ti ń da omi ìwẹ̀ nù, kò yẹ kí a da ọgbọ́n èso àti gbòǹgbò nù mọ́ ọn.

Yíyá owó sórí ilé nípa ìwé, Èkó ni ó ti gbilẹ̀ láàrin wa. Nígbà tí ìlú náà bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, tí a sì ń fún àwọn onílẹ̀ ní ìwé àṣẹ, oníṣòwò a máa gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó tàbí lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa, a sì fi ilé rẹ̀ dúró fún owó náà. Olóyè Táíwò Olówó, ẹni tí ó kú ní 1901, wà lára àwọn tí ó ti ipa òwò àti ti yíyáni lówó lórí ilé àti ilẹ̀ di ènìyàn ńlá. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò dìde nípa ọ̀nà yìí, nítorí pé ilé ni ó sọ wọ́n di ẹni tí a lè fọkàn tán. Ọ̀pọ̀ sì ṣubú, nítorí pé nígbà tí owó epo àti èkùrọ́ bá wálẹ̀ ní ìlú òyìnbó, gbèsè kì í bá a wálẹ̀.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ńlá wà, èyí tí àwọn ènìyàn wa kì í tètè rí. Dógò ti ilẹ̀ wa kò ní ọjọ́ ikú. Ìwé ti òyìnbó ní in. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò bá pé, ayánilówó lè ta ilé náà, kí ó mú owó rẹ̀ àti èlé orí rẹ̀, kí ó sì dá ìyókù padà fún onílé, bí ìyókù bá wà. Ẹni tí ó bá fi ọkàn dógò wọ inú ìwé òyìnbó yóò kébòòsí, kò sì ní í rí ẹni gbà á.

Ìṣòro kejì ni pé púpọ̀ nínú àwọn ilé tí a ń pè ní tiwa kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1908 a dá ẹjọ́ kan ní Èkó, èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ẹjọ́ Lewis àti Bankole, lórí ilẹ̀ àti ilé tí Olóyè Mábìnúorí fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1874. Nínú ẹjọ́ yìí ni a ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ilé ẹbí jẹ́ ti gbogbo ẹbí, àti pé nígbà tí Dáwódù bá kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni yóò di olórí. Ní 1959 pẹ̀lú, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ilẹ̀ wa là á yé wa pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá nìkan ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ojúlé, àwọn wọ̀nyí lè lọ sí ilé-ẹjọ́ kí a fagi lé e. Ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti dá nìkan ta nǹkan, kò ní ẹ̀tọ́ láti dá nìkan yá owó sórí rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ìgboro tí a kì í ti í rí i tí a fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Kí ni ìtumọ̀ èyí, bí kò ṣe pé ọmọ ìyá kò fọkàn tán ọmọ ìyá mọ́, àti pé ògiri ni ó di ìwé fún ẹbí tí kò ní ìwé?

Ìṣòro kẹta ti ọwọ́ ìjọba wá. Ní oṣù kẹta ọdún 1978 ni ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa dì í mú fún àǹfààní àwọn ènìyàn. Apá 22 òfin náà wí pé ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ yá owó sórí rẹ̀, bí kò ṣe pé Gómìnà bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ní 1989, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Savannah Bank, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé ìwé ìyánilówó tí Gómìnà kò fọwọ́ sí, asán ni. Ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ yá owó náà gan-an ni ó lọ sí ilé-ẹjọ́ láti wí pé ìwé tí òun fi yá owó kò dúró. Ó yọ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwa onílé yòókù ni a ń san owó ayọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà wá. Báńkì wo ni yóò gba ilé tí kò ní ìwé àṣẹ, tí kò sì ní ìfọwọ́sí, nígbà tí ó mọ̀ pé ajigbèsè lè dìde lọ́la kí ó ní asán ni gbogbo rẹ̀?

Ìwé náà sì rèé, owó ni a fi ń gbà á, ìgbà ni a fi ń dúró dè é. Ẹ rìn yí àárín Ìbàdàn ká, ẹ dé Ọ̀yọ́, ẹ dé Iléṣà àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ka ilé tí àwọn baba wa kọ́ sí ojú ilé àtijọ́, kí ẹ wá béèrè mélòó nínú wọn ni ó ní ìwé tí báńkì lè gbà. Ilé wà, ẹlẹ́rìí wà, ìwé ni kò sí. Nítorí náà ni olùkọ́ wa ṣe jókòó sínú owó tí kò lè ná.

Kí a má ba ẹnikẹ́ni jẹ́: ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Ní 1956 ni a dá ẹgbẹ́ ìkọ́lé kan sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1977 ó di Báńkì Ìjọba Àpapọ̀ fún owó ilé. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí àdúgbò Bódìjà ní Ìbàdàn jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ní 1992 ni òfin Àpò Owó Ilé jáde, tí ó ní kí òṣìṣẹ́ máa dá 2.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ rere ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ilé, tí ó ń wá owó láti ní i, ni a fi wọ́n rò jù lọ. Àgbàlagbà tí ó ti ní ilé tí kò ní owó, díẹ̀ ni a rò fún un.

Ẹni tí ó bá sì yá owó lọ́jà, kí ó ka iye èlé kí ó tó ka owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àgbà ilẹ̀ wa gbé èlé tí ó fi ń darí àwọn báńkì dé 27.50 nínú 100, àwọn báńkì sì ní láti fi tiwọn lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí a mú 30 nínú 100 fún ìṣirò. Ẹni tí ó bá yá náírà 10,000,000 ní èlé yìí, tí kò sì san nǹkankan, yóò jẹ 13,000,000 ní ìparí ọdún kìíní, 16,900,000 ní ìparí ọdún kejì, àti 21,970,000 ní ìparí ọdún kẹta. Ní ọdún mẹ́ta gbèsè náà ti bí èkejì rẹ̀, ó sì tún lé. Òwò wo ni a ń ṣe tí ń bímọ kánkán bẹ́ẹ̀? Bí kò bá sí, ilé ni yóò san án.

Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní òkè òkun bá ayé mìíràn pàdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti pé ẹni ọdún 55 lè yá owó sórí ilé rẹ̀, kí ó máa gbé inú rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú, kí ó má sì san nǹkankan lóṣooṣù. Nígbà tí ó bá kú, tàbí tí a bá gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, a ó ta ilé náà, a ó sì fi san owó àti èlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Equity Release Council ti gbà pé gbèsè náà kò gbọdọ̀ ju iye tí a bá ta ilé lọ, kí ó má bàa lé ọmọ kiri. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí ìjọba dúró fún irú rẹ̀ wà fún ẹni tí ó ti pé ọdún 62. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà wà níbẹ̀ tí báńkì fi ń fi ilé ṣe bí kànga fún ènìyàn, tí yóò máa fa iye tí ó bá fẹ́ ní ìgbà tí ó bá fẹ́, tí yóò sì máa san èlé lórí iye tí ó fà nìkan.

Ohun tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí àgbàlagbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá gba pọ́n-ùn 50,000 ní èlé 6 nínú 100 lọ́dọọdún, tí kò sì san án, yóò di ju 100,000 lọ ní ọdún 12. Ní ọdún 24 yóò ju 200,000 lọ. Àwọn ọmọ tí ó rò pé ilé ni àwọn yóò jogún lè bá kọ́kọ́rọ́ nìkan. Àwọn ará Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, mọ ewu yìí. Títí di 1998 òfin wọn kò fi àyè gba onílé láti fi ilé tí ó ń gbé yá owó ìnáwó lásán. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ní gbogbo gbèsè orí ilé náà kò gbọdọ̀ ju 80 nínú 100 iye rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyọnu gbèsè ilé gba Amẹ́ríkà ní 2007 àti 2008, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì pàdánù ilé wọn, àwọn onímọ̀ ka ìkálọ́wọ́kò yìí mọ́ ohun tí ó jẹ́ kí ọwọ́ ìyọnu náà rọ díẹ̀ ní Texas.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a fẹ́ bá àwọn ọmọ wa òkè òkun sọ, kí wọ́n má bínú sí wa. Púpọ̀ nínú yín ni ó ti yá owó sórí ilé tí ẹ ní lọ́hùn-ún láti fi kọ́ ilé ńlá sí ìlú wa níhìn-ín, kí a lè mọ̀ pé ọmọ náà lọ, ó sì ṣe dáadáa. A kì í fi ilé sílẹ̀ gbàgbé ilé, a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹ ń jẹ gbèsè lórí ilé tí ó ní ìwé láti kọ́ ilé tí kò ní ìwé, ẹ ń san èlé lóṣooṣù lórí yàrá mẹ́wàá tí ẹ̀yin yóò sùn nínú ọ̀kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún. Bí ẹ ó bá kọ́lé sílé, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé rẹ̀, ẹ sì kọ́ èyí tí ènìyàn lè gbé, tí ó sì lè mú owó wọlé.

Àwa mọ̀ pé ohùn méjì yóò dìde sí wa. Àgbà kan yóò wí pé ilé kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣòwò, pé ibojì baba wà nínú iyàrá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè é ní owó. Ọ̀dọ́ kan yóò wí pé ọjà ni ilé bí ọjà yòókù, ẹni tí ó bá jókòó tì í, ìgbà àtijọ́ ni ó wà. Àwa dá àgbà lóhùn pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ilé ẹbí, ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn fi òógùn ara rẹ̀ kọ́ kò yẹ kí ó máa wo olúwa rẹ̀ níran kí ó kú ikú àìrí-oògùn-rà. Àwa sì dá ọ̀dọ́ lóhùn pé ọjà tí a bá tà lónìí a lè tún rà lọ́la, ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ tí a bá tà ní àárín ìlú baba wa, kì í padà bọ̀.

Nítorí náà, ìlànà márùn-ún ni a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mú owó jáde nínú ilé rẹ̀.

Èkíní, kí háyà ṣáájú gbèsè. Ẹni tí ó ní yàrá òfìfo kò tíì dé ojú àtiyá owó.

Èkejì, kí a má yá owó sórí ilé nítorí ohun tí a ó jẹ tán ní ọjọ́ kan. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò yẹ ní ohun tí a ń fi ilé dúró fún. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ gbà wá láyè kí a sọ ọ́: oyè tí a fi ilé rà kì í pẹ́ di oyè aláìnílé. Bí a ó bá yá owó, kí ó jẹ́ fún ohun tí yóò bọ́ gbèsè náà: àtúnṣe tí yóò mú ayálégbé wá, ṣọ́ọ̀bù lójú títì, tàbí ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́. Àìsàn ńlá nìkan ni a yọ sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí ju ilé lọ.

Ẹ̀kẹta, kí gbèsè má ju ìdajì iye ilé lọ, kí ó sì jẹ́ èyí tí owó tí ń wọlé lóṣù lè san. Bí àwọn tí èlé tiwọn kéré bá fi ààlà sí 80, àwa tí èlé tiwa wúwo ní láti dúró jìnnà sí i.

Ẹ̀kẹrin, kí a má fi ọwọ́ kan ilé ẹbí. Bí ọ̀ràn bá dé ojú rẹ̀, kí gbogbo ojúlé péjọ, kí a kọ ìpinnu sílẹ̀, kí olórí ẹbí àti àgbà ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i lójú agbẹjọ́rò.

Ẹ̀karùn-ún, kí aya mọ̀, kí ọmọ sì mọ̀. Ní ipò wa gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, a ti jókòó ti opó tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí a wá fi ọ̀dà kọ ara ògiri rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbọ́ pé ilé tí òun àti ọkọ òun jọ kọ́ ti di ti báńkì. Gbèsè tí a fi pamọ́ fún aya, aya ni a fi í sílẹ̀ fún.

Èyí ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ti ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àkọ́kọ́, kí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa ran àwọn ẹbí lọ́wọ́ láti kọ ìwé ẹbí sílẹ̀: orúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé, orúkọ ojúlé kọ̀ọ̀kan, orúkọ olórí ẹbí, àti ààlà ilẹ̀ láti ọwọ́ awọnlẹ̀. Ẹlẹ́rìí tí ó mọ̀ ọ́n kò ní í wà láéláé; bí arúgbó kan bá ti kú, ààlà kan ti parẹ́. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa rán aṣojú sí àwọn Gómìnà ìpínlẹ̀ wa láti bẹ̀bẹ̀ kí a sọ owó ìwé àṣẹ àti ti ìfọwọ́sí di fífúyẹ́ fún ilé kan ṣoṣo tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń gbé, kí a sì fi ọjọ́ pàtó sí i tí yóò jáde. Ẹ̀kẹta, kí a dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láàrin ara wa fún ọ̀ràn yìí. Láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní ilẹ̀ yìí, èsúsú sì ti wà kí òfin tó dé. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń dá owó jọ lè yá àgbàlagbà ní owó kékeré ní èlé kékeré láti tún yàrá ṣe, kí ó sì máa gba owó rẹ̀ láti inú háyà yàrá náà. Bí owó bá pé, ẹgbẹ́ jáde, ilé sì wà. Ìlànà dógò àwọn baba wa ni èyí: kí gbèsè jẹ èso, kí ó má jẹ gbòǹgbò.

Ìwé Mímọ́ kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Òfin Mósè, nínú ìwé Léfítíkù orí 25, fún ẹni tí ó ta ilé ní ìlú olódi ní ọdún kan gbáko láti rà á padà. Bí ọdún náà bá kọjá, ilé bọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ilé àwọn ọmọ Léfì kò ní gbèdéke, nígbàkúgbà ni wọ́n lè rà á padà. Ẹ wò ó bí òfin Mósè ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ilé tí a lè pàdánù àti ilé tí kò gbọdọ̀ bọ́. Nínú ìwé Nehemáyà orí 5, ìyàn mú, àwọn ènìyàn fi oko àti ilé wọn dógò nítorí oúnjẹ, àwọn ọlọ́lá ìlú sì ń gba èlé lọ́wọ́ wọn. Nehemáyà kò bá àwọn tálákà wí nítorí pé wọ́n yá owó. Àwọn ọlọ́lá ni ó pè, tí ó sì bá wí, títí wọ́n fi dá ilé àti oko padà. Kí ẹ̀yin ọlọ́lá tí ń ka ìwé yìí, tí ẹ sì ń yáni lówó, rántí èyí.

Ní ti olùkọ́ àgbà wa, a kò ní í fi yín sílẹ̀ láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Kò tíì gba ìwé àṣẹ, báńkì kò sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n a fi ẹsẹ̀ lọ bá a sọ ọ́, ó sì gbà kí a tún yàrá méjì lókè ṣe. Méjì nínú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa ni ó ń gbé ibẹ̀ nísinsin yìí, wọ́n ń san owó ilé wọn déédéé. Kò sọ ọ́ di olówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ka oògùn mọ́, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe àríyànjiyàn lórí ìṣirò. Ilé kan náà ni, ògiri kan náà ni. Ìlò ni ó yàtọ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé baba wa bọ́ lọ́wọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí a kú sí inú rẹ̀ nínú àìní. Àṣẹ.